Tanímọ̀la àti eré agility: bí ọ̀rọ̀ ajá wa ṣe jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajá kan ni mo fẹ́ kọ síbí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ tán láìfi nǹkan kan pa mọ́, torí àwọn tó ń sin ajá lágbègbè wa ní Òṣogbo ti ń bi wá léèrè ọjọ́ ti pẹ́ pé báwo la ṣe ń ṣe é tí ajá tẹ́nikẹ́ni ò lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà ṣe ń fo igi, tó ń wọnú tọ́nẹ̀lì, tó ń gun pákó, tí kò sì sí okùn kankan lọ́rùn ẹ̀. Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀. Ìyá màmá wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń fi orúkọ ajá pòwe. Abo ni, ó ti lé lọ́dún méjì, ìyá ẹ̀ jẹ́ ajá ilé tiwa-n-tiwa, bàbá ẹ̀ sì jẹ́ Aléséṣìàn ilé kan lọ́nà Ìkìrun. Etí ẹ̀ kan dúró ṣánṣán, ìkejì tẹ̀ síwájú, ẹ fi etí yìí sọ́kàn torí màá padà sórí ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló ni ín, òun ló ń bá a sáré lórí pápá. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mò ń fi fóònù ya fídíò, tí mo sì ń kọ nǹkan sínú jọ́tà.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí, agility jẹ́ eré tí ajá kan àti èèyàn kan jọ máa ń sá. Wọ́n á to ìdènà oríṣiríṣi sórí pápá, igi tó máa fò, táyà tí wọ́n so rọ̀ tó máa gba àárín ẹ̀ kọjá, tọ́nẹ̀lì tó máa wọ̀, ọ̀pá tó tò gbọọrọ tó máa lọ́ gba àárín wọn, pákó gígùn tó máa rìn lórí ẹ̀, pákó fífẹ̀ méjì tí wọ́n fi orí tira wọn bí òrùlé, àti pákó jáńgílófà tí apá kan ń lọ sókè tí apá kejì ń bọ̀ wálẹ̀. London ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1978, níbi àfihàn ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Crufts, wọ́n kàn ń wá nǹkan tí wọ́n máa fi dá àwọn èrò lára yá láàárín ètò kan sí ìkejì ni, ni wọ́n bá wo eré tí ẹṣin fi ń fo igi, wọ́n gbé e fún ajá. Nígbà tó fi máa di 1980, Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbà á wọlé bí eré tó lófin tiẹ̀. Ajá máa tẹ̀lé ìdènà bí nọ́ńbà wọn ṣe tò, ẹni tó ń bá a sáré ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ajá, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdènà, kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ dání, ẹnu ẹ̀ àti ara ẹ̀ nìkan ló lè lò. Tí igi bá jábọ́, àléébù 5. Tí ajá bá dé iwájú ìdènà tó kọ̀ ọ́, àléébù 5, tó bá fi máa kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, eré tán fún un nìyẹn.

Àwa fúnra wa la ṣe ìdènà tiwa. Káfíńtà kan ní Sábó ló bá wa gé pákó, ó sì lẹ yẹ̀pẹ̀ wínníwínní mọ́ ojú ẹ̀ kí ẹsẹ̀ ajá má bàa máa yọ̀. Ọ̀dà pupa ló fẹ́ kùn ún, a ní kó jọ̀ọ́ kó fi yẹ́lò àti búlúù kùn ún, torí ojú ajá ò rí pupa bíi tiwa, lórí koríko tútù pupa máa ń pa mọ́ wọn lójú ni, àmọ́ yẹ́lò àti búlúù hàn sí wọn kedere. A fẹ́ lo táyà gidi, bàbá fọ́gánáísà kan lápá Òkè-Fìà ló ní ká má dán an wò, wáyà tó wà nínú táyà àtijọ́ lè yọ kó gé ajá níkùn. Họ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi ń fa omi la wá ká rogodo, a fi fóòmù wé e, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè já tí ajá bá kọlù ú la fi so ó, títí dòní táyà la ṣì ń pè é. Páìpù omi la gé fi ṣe ọ̀pá, 60 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Igi fífò, a ò so ó, a kàn gbé e lé orí ìṣó ni kó lè jábọ́ tẹ́sẹ̀ bá kàn án. Níbi ìdíje àgbáyé, igi ajá ńlá máa ń ga tó 55 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ tiwa ò kọjá 40, kò sì sígbà tá a jẹ́ kó fo igi gíga nígbà tí eegun ẹ̀ ò tíì gbó. Níbi ìdíje àgbáyé yẹn gan-an, ajá tí ò bá tíì pé oṣù 18 ò lè wọlé.

Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ò jìnnà sílé la ti ń ṣe é. Hẹ́dìmísíìsì ibẹ̀ fún wa láyè láàárọ̀ Sátidé àti ìgbà họlidé, bàbá ọlọ́dẹ ló ń bá wa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ wá nìyí. Ọjọ́ kan Tanímọ̀la máa ṣe gbogbo ẹ̀ láìní àléébù kankan, èèyàn á fẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Ọjọ́ kejì, lórí pápá kan náà, ó máa fo igi méjì, ó máa yà kúrò, imú nílẹ̀, ó di ìdí òpó góòlù, kò sí ohùn tó máa dá a padà. Ọjọ́ mìíràn ó máa gbéra, á sáré yíká pápá títí tó máa fi rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó burú jù ni ọjọ́ tó gba ẹnu géètì jáde sí títì, ọlọ́kadà kan ló fi ọgbọ́n yà fún un, àwọn tó wà ní ìdí búkà ní òdìkejì ọ̀nà ló bá wa pariwo. Látọjọ́ náà lọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré lásán. Bàbá wa ní ká fa ajá náà fún ọdẹ kan lábúlé, pé ajá tí kì í gbọ́ràn ò yẹ nínú ìlú. Ẹlòmíì ní ká nà án. Ìyá àgbà nìkan ló ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fọ́mọ yìí, ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé."

Lórí ọ̀rọ̀ nínà yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ ketekete. Ajá tó sá lọ tó wá padà wá, tẹ́ ẹ bá nà án, pípadà tó padà lẹ nà án fún. Sísá tó sá ti kọjá lọ, kò lè so ìgbájú ìsinsìnyí mọ́ nǹkan tó ti ṣe ṣáájú. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé tóun bá sún mọ́ èèyàn, ó máa dun òun, ìgbà mìíràn á jìnnà sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti rí i lára ajá àwọn èèyàn káàkiri ìlú yìí, ajá á dúró ní ìwọ̀n ibi tọ́wọ́ ò lè tó, á máa wo olówó ẹ̀. A ò nà án.

Dókítà ẹranko la kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Ó tẹ ìbàdí ẹ̀, ó ṣí etí ẹ̀ wò, ó wo eyín, gbogbo ẹ̀ dáa. Ìgbà tó wá dé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, tó fi àtàńpàkò ya àárín ọmọ ìka ẹ̀ sọ́tọ̀, Tanímọ̀la fa ẹsẹ̀ yọ. Eégbọn mẹ́ta ló fara pamọ́ síbẹ̀, ọ̀kan ti mu ẹ̀jẹ̀ yó débi pé ó rí rogodo, awọ ibẹ̀ ti bó, ó pọ́n, ó sì ń ṣomi díẹ̀. Koríko etí pápá ló ti kó wọn. Ẹ wá wò ó, Tanímọ̀la ti máa ń kọ pákó òrùlé, ìyẹn pákó méjì tó fi orí tira yẹn. Tí ajá bá ń ti orí ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń gbé gbogbo ìwúwo ara ẹ̀. Ajá tó ní egbò láàárín ìka, tí ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Wọ́n fún wa ní oògùn, a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tọdún náà mọ́ ọn, a sì ń ya àárín ìka ẹ̀ wò lálaalẹ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí egbò yẹn jinná, kíkọ̀ tó ń kọ pákó òrùlé dópin pátápátá. Àmọ́ kò tíì jáwọ́ nínú sísá kúrò lójú eré.

Ibi tí jọ́tà ti wúlò nìyẹn. Mò ń kọ aago tá a bẹ̀rẹ̀, bóòrùn ṣe rí, àwọn tó wà lórí pápá, ìdènà tó ti yà kúrò, àti nǹkan tí ara ẹ̀ ṣe gẹ́lẹ́ kó tó lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kókó. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ajá yìí kì í sọ tẹ́lẹ̀, òjijì ló máa ń ṣe é. Mo fa fídíò díẹ̀díẹ̀, mo wò ó, mo tún un wò, irọ́ ni, ó ń sọ tẹ́lẹ̀. Kó tó yà kúrò, ó máa fi ahọ́n lá imú, tàbí kó yán láìsí oorun, tàbí kó gbọn ara ẹ̀ bí ẹni pé omi wà lára ẹ̀. Etí tó dúró ṣánṣán yẹn á wá pa dà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa tó fimú kanlẹ̀. Àwa máa ń rò pé òórùn nǹkan kan ló gbọ́, pé ó ti gbàgbé iṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà tí ajá bá ń fimú tú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín eré, ara ni kò rọ̀ ọ́, nǹkan ti kà á láyà tàbí ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ò yé e, bó ṣe ń fi ara ẹ̀ balẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàpèjúwe fídíò kan. Tanímọ̀la jáde látinú tọ́nẹ̀lì pẹ̀lú ìwàǹwára, ẹnu ẹ̀ là, ojú ẹ̀ wà lára àbúrò mi. Ọ̀pá ló kàn. Àbúrò mi ò rántí, ó dúró, ó kọjú sí mi láti bi mí, èjìká ẹ̀ dojú kọ mi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ náà dojú kọ mi. Ajá dúró. Ó lá imú. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ àbúrò mi kọ sí, kò sí ìdènà kankan níbẹ̀. Etí lọ sẹ́yìn. Àbúrò mi wá ń pariwo, "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!" ohùn ń ga sí i, àwọn ọmọ tó ń wòran náà gbè é, "Tanímọ̀la ooo!" Imú kanlẹ̀, ó di ìdí góòlù.

Mo gbé fóònù fún un kó wò ó. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ rí i, ó kàn fẹ́ dójú tì mí níwájú èèyàn ni."

Mo ní, "Tún un wò, ta ló kọ́kọ́ dúró nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó wò ó títí. Ó ní, "Kò yé e ibi tí mò ń lọ."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú eré yìí, ara èèyàn ni ajá ń kà ju ẹnu lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ bá kọjú sí, ibi tí èjìká ẹ bá yí sí, ibẹ̀ ló máa gbà lọ, tí ẹnu ẹ bá ń sọ apá òsì tí ẹsẹ̀ ẹ ń lọ apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ló máa tẹ̀lé. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe ìdíje fi máa ń kọ́kọ́ rin gbogbo kọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n to ìdènà sí, láìsí ajá lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mọ ọ́n sórí kí ajá tó wọlé. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Á máa rìn lórí pápá nìkan ẹ̀, á na apá, á yí èjìká, àwọn ọmọ á máa rò pé ijó ló ń jó. Mo tún ní kó gé eré kúrú, ìdènà mẹ́ta péré, kó dúró nígbà tí ajá ṣì ń fẹ́ sí i, kì í ṣe ìgbà tó ti sú u.

Ti orúkọ yẹn náà, a wá nǹkan ṣe sí i. Gbogbo àdúgbò ló ń pe Tanímọ̀la látàárọ̀ dalẹ́, ọmọ ń pè é, ẹlẹ́kọ ń pè é, tẹ́nì kan bá sì pè é kì í sí nǹkan kan níbẹ̀ fún un, orúkọ yẹn ti di ariwo lásán létí ẹ̀. A wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹnì kankan ò ní máa fi pè é: "Wá gbà!" Àbúrò mi nìkan ló ń lò ó, nígbàkígbà tó bá sì lò ó, ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ tá a gé wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Inú ilé la ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà pápá. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé tó bá ti jẹ ẹ̀dọ̀ tán, a máa tún tú u sílẹ̀ kó máa ṣeré lọ. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ so ajá tàbí tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé nìkan ni wọ́n ń pè é, ajá ò gọ̀, ó mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ ba ìgbádùn òun jẹ́. Títí tó fi mọ̀ ọ́n dáadáa, okùn gígùn ló wà lẹ́yìn ẹ̀, a so ó mọ́ ìhámọ́ra tó wọ̀ sáyà, kì í ṣe ọrùn, ibi tí kò sí ìdènà nìkan la sì ti lò ó torí okùn lè há mọ́ pákó kó ṣe é léṣe. Géètì wà ní títì gbọin.

Ti oòrùn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Jọ́tà fi hàn pé tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, pàápàá nínú oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì, yíyà kúrò ń pọ̀. Ajá kì í làágùn lára bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara ẹ̀, tí ahọ́n bá ti gùn tó sì fẹ̀ níwájú, eré ti tán lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́fà àbọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo. Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì tí ọdún Ọ̀ṣun bá kù dẹ̀dẹ̀, tí èrò ti ń wọ̀lú tí ìlù àti lanspíkà ń dún níbi gbogbo, a máa ń sinmi. Ìparí Dìsẹ́ńbà náà, tí wọ́n ń yin nọ́kàútì, ilé ló máa wà. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún wa pé ká máa gbé e lọ ṣeré lápá igbó Ọ̀ṣun torí ibẹ̀ tutù, rárá o, ibi ọ̀wọ̀ ni, ọ̀bọ sì wà níbẹ̀ tó ń jáde wá sí etí ọ̀nà, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹranko ibẹ̀, ajá tó ń lé ọ̀bọ nínú igbó Ọ̀ṣun, ta ló máa dáhùn ẹ̀?

Pákó jáńgílófà ló gba sùúrù jù. Tí ajá bá rìn kọjá àárín, apá iwájú máa wálẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀ títí tó fi máa kanlẹ̀, kó fẹsẹ̀ kan ibi tí wọ́n kùn lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ kó tó kúrò, ibẹ̀ máa ń gùn tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ pápá wa le, pákó yẹn máa ń dún gbàà! Tanímọ̀la á ti fò kúrò ní òkè kí ó tó dún, ìyẹn sì lè ṣẹ́ ajá lẹ́sẹ̀. A gbé pákó náà sílé. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìmìtìtì díẹ̀ ló ń mì, a wá gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ sábẹ́ orí méjèèjì. A ò ní kó gùn ún. Àbúrò mi kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀. Tanímọ̀la wò ó, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ orí pákó, ó rọra dún pọ̀, ó gba ẹ̀dọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lù ú kó lè dún, torí ó ti mọ̀ pé òun ló ń mú ariwo yẹn wá, ẹ̀dọ̀ ló sì ń tẹ̀lé e. Bá a ṣe ń gbé igi abẹ́ ẹ̀ ga sí i la ń dín fóòmù kù. Ẹni tó bá ní ajá tó ń sá fún ìró nǹkan, mo rọ̀ yín, ẹ gba ọ̀nà yìí, ẹ má fipá gbé e lé orí pákó.

Ó wá ku sísáré yíká pápá yẹn. Èyí yàtọ̀, ó sì gbà mí lákòókò kí n tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ìrù á wálẹ̀, á jìnnà, kò ní wẹ̀yìn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú ẹ̀ dùn àdùnjù, á ká ìdí sábẹ́, ẹnu á là, á máa sá rìpẹ̀tẹ̀ yíká, gbogbo yíyí tó bá yí á gba ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi kọjá. Tẹ́lẹ̀, àbúrò mi máa ń lé e, ajá á rò pé eré ti dùn sí i nìyẹn. Báyìí ó máa ń dúró sójú kan, kò ní sọ nǹkan, tó bá ti ń kọjá lẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin tí eré ẹ̀ ti ń rọlẹ̀, "Wá gbà!" wọ́n á sì máa bá kọ́ọ̀sì lọ. Níbi ìdíje, ìyẹn á ba àkókò jẹ́. Àwa ò bá ẹnikẹ́ni díje, ọjọ́ tó bá sá yíká bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù láti wò, torí ajá tí ara ń dá lóró kì í sá irú eré yẹn.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba àwọn aládùúgbò. Mọ́ṣáláṣí wà lẹ́bàá pápá, Àlùfáà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. A lọ bá a nílé, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a jọ fẹnu kò pé a ò ní gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá nígbà tí wọ́n bá ń ti ìrun àárọ̀ jáde, pé okùn á wà ní kúkúrú lọ́wọ́ wa títí tá a fi máa wọ pápá. Látìgbà náà kò sí ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń wòran. Àwọn ọmọ yẹn, a fún wọn níṣẹ́, àwọn ló ń to igi padà tó bá jábọ́, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹni bá pe orúkọ ajá nígbà tó ń sáré ò ní to igi mọ́.

Nígbà ìsinmi ọdún kan láìpẹ́, a pe àwọn tó ní ajá tá a mọ̀. Ajá mẹ́rin mìíràn ló wá, Rottweiler kan, Lhasa kékeré kan, ajá ilé kan, àti Caucasian kan tí irun ẹ̀ pọ̀ débi pé a bẹ olówó ẹ̀ kó má jẹ́ kó sáré rárá nínú ooru yìí, abẹ́ igi máńgòrò ló wà tó ń mu omi. Bàbá wa náà wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìyá àgbà tó gbé agolo ẹ̀dọ̀ lé ẹsẹ̀.

Tanímọ̀la fo igi mẹ́ta, ó gba táyà, ó gun pákó òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dáa. Ó kọjú sí tọ́nẹ̀lì ni ewúrẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ méjì gba ojú ibi tí ògiri ti wó wọlé. Mo rí etí yẹn tó gbéra, àbúrò mi náà rí i, kò dúró kí ajá lọ kó tó pè é, "Wá gbà!" ló sọ, ó sì yí èjìká sí tọ́nẹ̀lì, ó ń sáré lọ. Tanímọ̀la dúró. Ó wo ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú kan wà lókè. Ó wo ẹ̀yìn àbúrò mi tó ń lọ, ó yí, ó tẹ̀lé e wọ tọ́nẹ̀lì. Àwọn ọmọ hó yèè. Ó lọ́ gba ọ̀pá, ó já igi kan lulẹ̀, ó dé ìdí jáńgílófà, ó wò ó, kò gùn ún, ó yà bàrá lọ bá ìyá àgbà, ó fi imú ṣí agolo. Tẹ́lẹ̀, àbúrò mi á ti máa sunkún. Lọ́jọ́ náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí koríko, ó ń rẹ́rìn-ín, ajá náà wá fara tì í. Bàbá wa kò sọ̀rọ̀ ọdẹ abúlé mọ́, ó ní, "Ẹ fún un lómi."

Ibi tá a dé báyìí: ó ṣì máa ń kúrò lójú eré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ti gbà pé ọjọ́ tó bá fi ara hàn pé kò sí lára òun láti àárọ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀, a máa rin ìrìn àárọ̀ lásán lọ sápá Àlẹ́kúwodò ká padà. Ọ̀pá la gbájú mọ́ lọ́wọ́. Mẹ́fà ló ń gbà dáadáa, 12 ni kọ́ọ̀sì gidi máa ń ní, òfin ibẹ̀ sì ni pé ọ̀pá àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní èjìká òsì ajá tó bá ń wọlé. Tó bá rọra ń bọ̀, ó máa ń mọ̀ ọ́n, tó bá fi eré wá láti apá ọ̀tún, ó máa gba ẹnu ọ̀nà kejì. A ti tú ọ̀pá méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ láti fi kọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà nìkan. Pákó jáńgílófà náà ti fẹ́ máa là lẹ́gbẹ̀ẹ́, káfíńtà ní òun á pààrọ̀ ẹ̀ kí òjò tó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ajá wá síbẹ̀ ní Sátidé, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tọdún yìí dání, kó mú omi àti abọ́, kó fi okùn sọ́rùn ajá títí wọ pápá, kó sì má mú abo tó ń wá akọ lọ́wọ́ wá, àwọn yòókù ò ní lè ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà.